Òfin Ìjọba àti Òye Ọmọ: Ìtàn Èdè Yorùbá nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ ni ti òfin tí ìjọba ń ṣe lórí ẹ̀kọ́, àti bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti ń yí iṣẹ́ olùkọ́ àti òye ọmọ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí olùkọ́ bá ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ nìkan ni ó kù nínú ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó wà nínú ìwé tí ọmọ ṣí síwájú, ó wà nínú ìdánwò tí ń bọ̀ ní òpin ọdún, ó sì wà nínú owó oṣù olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí òfin bá kà sí, tí ó sì san owó lé lórí, ni olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ. Ohun tí òfin kò bá kà sí, bí ó ti wù kí ó níye lórí tó, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ asán, èmi yóò mú ẹ̀rí wá láti inú ìtàn èdè tiwa.

Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì àti Henry Townsend ti C.M.S. gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Níbi tí wọ́n bá kọ́ ilé ìsìn sí, ibẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wà. Ní àkókò náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba Èkó, kò sì sí òfin ẹ̀kọ́ kankan tí ó de àwọn míṣọ́nnárì. Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí a óò kọ́ ọmọ, ohun tí ìjọ sì ń fẹ́ hàn gbangba: kí ẹni tí ó gbàgbọ́ lè ka Ìwé Mímọ́ fún ara rẹ̀, kí ó sì mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà. Nítorí náà ni àwọn baba wa fi ṣe làálàá lórí èdè Yorùbá. Àjàyí Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìwé gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1852. Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 àwọn aṣojú ìjọ péjọ ní Èkó, wọ́n sì fi ẹnu kò lórí ọ̀nà tí a óò máa gbà kọ èdè náà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kí ìjọba tó ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún Èkó, Yorùbá ti di èdè ìwé ná.

Èmi kò sọ pé a kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. A kọ́ ọ, àwọn òbí pàápàá sì ń béèrè rẹ̀, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ilé àwọn oníṣòwò ń fẹ́ ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èdè méjèèjì ní àyè tirẹ̀, ọ̀kan kò sì lé èkejì jáde.

Ní 1872 ìjọba Èkó kọ́kọ́ na ọwọ́ ìrànwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó fún C.M.S., ìjọ Wẹ́sílì àti ìjọ Àgùdà ní £30, èyí tí í ṣe £10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1877 ó sọ owó náà di £200 lọ́dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Inú ìjọ dùn, ó sì yẹ kí inú wọn dùn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kì í fi àdúrà nìkan ra pátákó àti sílétì. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kì í dá wá, àṣẹ ni ó ń bá a rìn.

Kí a lè mọ irú àṣẹ tí ó bá a wá, a ní láti kọjá òkun ná, kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1862 ìjọba ibẹ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀, tí Robert Lowe jẹ́ alágbàwí rẹ̀, pé èso tí a bá rí nínú ìdánwò ni a óò wò san owó fún ilé-ẹ̀kọ́. Fún ọmọ tí ó ti ju ọdún 6 lọ, ṣílè 4 wà fún wíwá sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣílè 8 sì wà fún ìdánwò ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Bí ọmọ bá kùnà nínú ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a óò gé ìdá kan nínú mẹ́ta ṣílè 8 náà kúrò. Lójú ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, ìlànà yìí dára púpọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé kò sí owó tí yóò ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀kọ́? Olùkọ́ pa ìtàn ìlú tì, ó pa ìmọ̀ ayé tì, ó dojú kọ ohun mẹ́ta tí ń mú owó wá. Ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ yóò máa kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí bí odídẹrẹ́. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọba, kọ̀wé nínú ìròyìn rẹ̀ ti 1867 pé ó ti ṣeé ṣe láti mú ọmọ yege ìdánwò náà láìjẹ́ pé ọmọ mọ ìwé kà, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n kọ, tàbí kí ó mọ ìṣirò ní tòótọ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pa ìlànà náà tì.

Ìlànà tí àwọn tí ó ni í ń ráhùn lé lórí nílé wọn yìí ni a gbé wá fún wa. Ní 1882 a ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún Sàró, Gambia, Gold Coast àti Èkó papọ̀, a sì fi alábẹ̀wò kan ṣoṣo, Metcalfe Sunter, ṣe olórí alábẹ̀wò lórí gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí. Nígbà tí a ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní 1886, a ṣe òfin tirẹ̀ fún un ní 1887, ṣùgbọ́n sísan owó lórí èso ìdánwò kò kúrò níbẹ̀. Nínú òfin ti 1882, kíka Gẹ̀ẹ́sì, kíkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni a ń san owó lé lórí. Yorùbá kò ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò olùkọ́ ìgbà náà. Òfin kò sọ fún un pé, “Má ṣe kọ́ ọmọ ní Yorùbá mọ́.” Òfin kò bá a jà rárá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá fi wákàtí kan kọ́ ọmọ láti ka ìwé Yorùbá, wákàtí náà kò ní mú nǹkan wá fún ilé-ẹ̀kọ́, bí òun bá sì fi í kọ́ ọ láti pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ta lẹ́ta, ó lè mú owó wá nígbà tí alábẹ̀wò bá dé. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. takò ìlànà yìí, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tí kò lè ka èdè tirẹ̀ kò ní lè ka Bíbélì tí a fi làálàá túmọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó di owó mú, ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀ síbi tí owó wà.

Ó tó nǹkan bí 40 ọdún kí afẹ́fẹ́ tó yí. Ní 1922 ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ti rin ilẹ̀ Áfíríkà káàkiri wo ilé-ẹ̀kọ́, tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Ó wí pé ẹ̀kọ́ tí a ń fún ọmọ kò bá ilé àti ìlú rẹ̀ mu, àti pé èdè abínibí ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1926 tẹ̀lé e ní Nàìjíríà. Nígbà tí Yorùbá tún rí àyè nínú àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti kún àyè náà. Ní 1938 ni ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fagunwa jáde, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìwé Aláwìíyé ti J. F. Odunjo wá, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìkẹyìn ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wá dà bí ìloro ilé, tí ọmọ ń kọjá níbẹ̀ lọ sínú yàrá, tí a kò sì retí pé kí ó jókòó síbẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Obafemi Awolowo jẹ́ olórí rẹ̀, tí S. O. Awokoya sì jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláròóbọ̀ jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ olóyè. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Síbẹ̀ òfin náà dé inú yàrá ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ọdún 8 tí a ń lò tẹ́lẹ̀ di ọdún 6. Ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè dá olùkọ́ ní ọjọ́ kan.

Títí di àkókò yìí, àwọn kan ń wí pé Yorùbá ni ó yẹ, àwọn mìíràn ń wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n a kò tíì dán an wò ní ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ dáwọ́ lé e, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ fún wọn, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀lé ìlànà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún 3, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 3. Nígbà tí a fi wọ́n wéra, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó ti ní òye nínú èdè ilé rẹ̀ kó òye náà lọ sínú èdè àlejò.

Kí ni ìjọba fi ẹ̀rí yìí ṣe? Ìlànà ẹ̀kọ́ ti gbogbo Nàìjíríà tí ó jáde ní 1977 gba èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6. Kí a tó kọ ìwé rẹ̀, kí a tó dá olùkọ́ rẹ̀, ní oṣù Bélú 2025, mínísítà ẹ̀kọ́ kéde pé a ti pa ìlànà náà rẹ́, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a óò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní níbi tí a ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà ìdánwò àṣekágbá. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ìdáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìdánwò tí ó ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe é. Bí ọmọ bá kùnà, ó yẹ kí a béèrè bóyá ó ní ìwé, bóyá ó ní olùkọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a tó di ẹ̀bi ru èdè ìyá rẹ̀. Bí a bá fi èso ìdánwò nìkan ṣe ìdájọ́, a tún ti padà sí 1882 nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ń bá ìjọba wí, kí a má gbàgbé ara wa. Nígbà tí owó ìjọba ń fa ilé-ẹ̀kọ́ sí apá kan, ìjọ ni ó sọ̀rọ̀. Lónìí, ìjọ tún ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí kò sí àṣẹ ìjọba tí ó ní kí a na ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní àgbàlá rẹ̀. Síbẹ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà, àwa ni a sì ń rán ọmọ wa lọ síbẹ̀. Ọmọ wọ̀nyí náà ni a ń retí ní ọjọ́ Ìsinmi pé kí wọ́n ṣí Bíbélì Yorùbá, nígbà tí wọn kò lè kà á. Ìwé Nehemáyà sọ fún wa bí a ti ka òfin sétí àwọn ènìyàn, tí a sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Nítorí pé ó yé wọn ni wọ́n fi sunkún, tí wọ́n sì tún yọ̀.

Nítorí náà, kí àwa tí a ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ṣe é nínú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa: kí a fi Yorùbá là á yé ọmọ, kí a sì fi olùkọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwa òbí jókòó ti ọmọ wa ní alaalẹ́ pẹ̀lú ìwé Yorùbá kan. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ohùn kan béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ó ka òye ọmọ sí kí ó tó ka máàkì rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọgbọ́n àti ìgboyà láti ṣe é. Àmín.