Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Akànṣẹ́ Ńlá Fẹ̀yìn Tì? Àyẹ̀wò Ìtàn Akànṣẹ́ Mẹ́rin

1. Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá dàgbà, à yé ogun-ún jà. Òwe yìí kò sọ iye ọdún tí jagunjagun gbọ́dọ̀ pé kí a tó kà á sí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò wí fún un pé ọjọ́ ogun rẹ̀ ti pé. Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó wà ní ìdí àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé nígbàkígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn akànṣẹ́ ńlá, àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí òkìkí wọn kàn ká ayé. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé, wọn a wo ìjà tí ògo akànṣẹ́ náà ti tàn jù lọ, wọn a sì ní ibẹ̀ ni ì bá ti dúró.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. A ó yẹ ìtàn akànṣẹ́ mẹ́rin wò: Muhammad Ali àti Joe Louis ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Hogan Bassey àti Dick Tiger ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Èrò wa ni pé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tí ìtàn lè fọwọ́ sí ni ọjọ́ tí ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò sì pàdánù èrè bí ìjà bá dópin, kọ́kọ́ sọ pé ó tó.

2. Ọjọ́ Orí àti Ìṣubú Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ọjọ́ orí. Rocky Marciano fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹrin ọdún 1956 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 32. Ìjà 49 ni ó jà, kò sì sí ẹni tí ó borí rẹ̀ rí. Òun ni a máa ń tọ́ka sí bí ẹni tí ó mọ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 45 ni George Foreman nígbà tí ó lu Michael Moorer ṣubú ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, tí ó sì tún gba adé àgbáyé, ní ogún ọdún lẹ́yìn tí Ali ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìṣubú, pé kí akànṣẹ́ kúrò ní kété tí a bá ti ṣẹ́gun rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé èyí, Joe Louis ì bá ti kúrò ní ọdún 1936 nígbà tí Max Schmeling ti ilẹ̀ Jámánì lù ú ṣubú. Ní ọdún kejì rẹ̀ gan-an ni Louis gba adé àgbáyé.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé ọjọ́ orí àti àkọsílẹ̀ ẹni tí ó borí kò lè dá wa lóhùn. A gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn. Nínú ìmọ̀ ìtàn, ẹ̀rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yóò ná ní nǹkan máa ń wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí yóò jèrè lọ. Òṣùwọ̀n yìí ni a ó lò.

3. Muhammad Ali

Ọ̀pọ̀ gbà pé ìjà tí Ali bá Joe Frazier jà ní ìlú Manila, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1975, ni ó yẹ kí ó fi kádìí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn abala kẹrìnlá, Eddie Futch tí ó jẹ́ olùkọ́ Frazier dá ìjà náà dúró, bí Frazier tilẹ̀ fẹ́ máa jà lọ. Adé àgbáyé wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Futch sì yàn láti pàdánù rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà kú. Ali ni a kà sí olúborí, olúborí kì í sì í tètè rí ẹni dá a dúró. Lẹ́yìn Manila, ó tún ja ìjà 10.

Ní ti Ali, ẹ̀rí tí a ń wá yọjú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, nígbà tí òun àti Earnie Shavers ja abala 15 ní Madison Square Garden ní ìlú New York. Àwọn adájọ́ fún Ali ní ìborí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ tí ó gbà pọ̀. Teddy Brenner, tí ń ṣètò ìjà fún Madison Square Garden, kéde pé àwọn kò ní gbé ìjà kalẹ̀ fún Ali mọ́. Kò sí akànṣẹ́ tí ń pa owó wọlé tó Ali nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, owó ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́. Ferdie Pacheco, tí ó jẹ́ dókítà Ali, náà sọ ìtàn tirẹ̀. Ó ní èsì àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín Ali ti ń bàjẹ́, òun sì kọ lẹ́tà sí Ali àti àwọn tí ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun kò rí èsì gbà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì nìyí, tí ọ̀rọ̀ ná àwọn méjèèjì ní nǹkan, tí wọ́n sì sọ ohun kan náà ní àkókò kan náà.

Àtakò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Bí Ali bá ti dúró ní ọdún 1977, Leon Spinks kì bá tí borí rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1978, òun náà kì bá sì tí gba adé náà padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, láti di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba adé àwọn tí ó wúwo jù lọ lẹ́ẹ̀mẹta. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n adé kẹta náà kò pa ẹ̀rí dókítà rẹ́. Ńṣe ni ó jẹ́ kí etí di sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, nígbà tí Ali jẹ́ ẹni ọdún 38, tí a ti ṣèlérí mílíọ̀nù 8 dọ́là fún un, ìpínlẹ̀ Nevada fún un ní ìwé àṣẹ láti bá Larry Holmes jà ní Las Vegas. Angelo Dundee, olùkọ́ rẹ̀, dá ìjà náà dúró lẹ́yìn abala kẹwàá. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 1981, Ali tún bá Trevor Berbick jà ní ilẹ̀ Bahamas, ó sì pàdánù. Ní ọdún 1984 ni a kéde pé àrùn Parkinson ń bá a jà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ipa tí ẹ̀ṣẹ́ kó nínú àrùn náà, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ ju ohun tí ẹ̀rí sọ lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé ìkìlọ̀ ti wà ní ọdún mẹ́rin gbáko ṣáájú ìjà ìkẹyìn.

4. Joe Louis

Ti Louis yàtọ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Jersey Joe Walcott lù ú ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn adájọ́ tilẹ̀ fún Louis ní ìborí. Louis tún bá a jà ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ó lù ú ṣubú, ó sì fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹta ọdún 1949, lẹ́yìn tí ó ti fi adé rẹ̀ jà nígbà 25 láìpàdánù rẹ̀. Ó mọ ìgbà. Ohun tí ó dá a padà ni owó-orí tí ó jẹ ìjọba. Èyí tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé, ní ọdún 1942, Louis ti fi owó ìjà méjì ta àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́rẹ. Ezzard Charles borí rẹ̀ ní ọdún 1950. Marciano sì lù ú ṣubú ní oṣù kẹwàá ọdún 1951. Ẹni tí ó bá bi Louis pé kí ló dé tí kò dúró, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ń gba owó-orí.

5. Hogan Bassey àti Dick Tiger

Àwọn méjì yìí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa sí i. Bassey gba adé àgbáyé ní ìlú Paris ní ọdún 1957. Davey Moore gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1959, ó sì tún borí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Bassey fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 27. Iṣẹ́ ń dúró dè é nílé: ó di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1998. Moore ní tirẹ̀ ń jà lọ; ní oṣù kẹta ọdún 1963, ó kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí Sugar Ramos borí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963 yìí kan náà, Dick Tiger àti Gene Fullmer pàdé ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn abala keje, a dá ìjà náà dúró, Fullmer kò sì jà mọ́ láéláé. Ẹni ọdún 32 ni. Tiger tí ó fi ọdún méjì jù ú lọ tún jà fún ọdún méje sí i. Bob Foster lù ú ṣubú ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, adé sì bọ́. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ti dé. Tiger dúró ti Biafra, ogun náà sì ba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ti kó jọ nílé jẹ́. Ó ń jà títí di oṣù keje ọdún 1970, nígbà tí Emile Griffith borí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní New York. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni ó pa á ní ìlú Aba, ní oṣù kejìlá ọdún 1971, ní ẹni ọdún 42.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ọjọ́ orí kò tó ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú kò tó. Ẹ̀rí ẹni tí yóò pàdánù ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù. Fún Ali, oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni ọjọ́ náà. Fún Louis, oṣù kẹta ọdún 1949. Ṣùgbọ́n mímọ ọjọ́ náà ọ̀tọ̀, agbára láti pa á mọ́ ọ̀tọ̀. Bassey rí iṣẹ́ lọ bá nílé. Louis bá gbèsè, Tiger sì bá ogun. Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń béèrè ìgbà tí ó yẹ kí akànṣẹ́ ńlá ti fẹ̀yìn tì, kí a fi ìbéèrè mìíràn tì í: ta ni ó kìlọ̀ fún un, ta ni ìkìlọ̀ náà kò ṣe láǹfààní, kí ni ó sì wà nílé tí ì bá padà sí?