Orí Mẹ́wàá Lórí Pósítà Kan

Ẹ wo pósítà fíìmù Yorùbá kan láti nǹkan bí ọdún 2005. Ẹ máa rí orí bíi mẹ́wàá níbẹ̀. Àwọn orí ńlá wà lókè, àwọn kéékèèké wà nísàlẹ̀. Ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan lanu gbàgà, ẹnì kan di ìbọn mú. Iná ń jó lẹ́yìn wọn, mọ̀nàmọ́ná ń kọ, orúkọ fíìmù náà sì fi àwọ̀ pupa àti yẹ́lò dábùú gbogbo rẹ̀. Lónìí, àwa ọ̀dọ́ máa ń fi irú pósítà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn o, ṣùgbọ́n a kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Ta ló ṣe é lóòótọ́? Ta ló sì ṣe é fún?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò le. Ìlérí ni pósítà. Ó dára nígbà tó bá mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, tó sì ṣe ìlérí kan ṣoṣo fún un. Ó burú nígbà tí àwọn tó ń pàṣẹ lẹ́yìn rẹ̀ bá fẹ́ kó ṣe ìlérí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá wo ìtàn pósítà láàárín àwa Yorùbá dáadáa, ìtàn bí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ṣe ń yí padà ni.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kí fíìmù tó dé. Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ní 1944. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi èdè Yorùbá ṣeré láti ìlú dé ìlú ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Agbègbè wa yìí wà lára ibi tí iná wọn ti jó jù. Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí fi Òṣogbo ṣe ibùdó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣí Mbari Mbayo ní 1962 nínú ilé Dúró Ládípọ̀. Ní Mbari yẹn, òṣèré àti ayàwòrán ò jìnnà síra wọn rárá: Twins Seven Seven, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé bá Ládípọ̀ ṣeré, wọ́n sì tún di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó di dandan kó la Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kọjá.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílùú lónìí, tó bá di ọ̀la wọ́n ti lọ. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi kó èrò jọ. Ọkọ̀ wọn gan-an ni pósítà àkọ́kọ́: orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa fi yí ìlú ká láti ọ̀sán. Pósítà bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní wàhálà kankan nínú. Fọ́tò ọ̀gá ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ eré wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ tí wọ́n á ti fi ọwọ́ kọ ọjọ́, gbọ̀ngàn àti owó ìwọlé. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún oúnjẹ òòjọ́, àyè òfìfo yẹn ló wù wá jù. Ohun tí kò ní yí padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí tó ń yí padà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú igbá lórí kò ní àsìkò púpọ̀. Ta ni? Kí ni? Ìgbà wo? Èló? Pósítà náà dá a lóhùn kó tó kọjá.

Nígbà tí fíìmù dé, pósítà ò yí padà tó bí a ṣe lè rò. *Àjàní Ògùn* jáde ní 1976. Ògúndé gbé *Aiyé* jáde ní 1979, *Jáíyésinmi* sì tẹ̀ lé e ní 1980. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé *Ọ̀run Móoru* jáde. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù nígbà yẹn, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí olówó rẹ̀ fi máa ń gbé e kiri fúnra rẹ̀ bí ẹni ń gbé eré ìtàgé kiri. Ẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn: àwọn ayédèrú tó jí *Ọ̀run Móoru* dà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì ló sọ Bàbá Sàlá di onígbèsè. Nítorí náà ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń ta fíìmù. Tí ẹ bá ti rí awò ojú ràgàjì, tí ẹ rí táì ọrùn tó tóbi ju ọrùn lọ, kò dìgbà tí ẹ bá mọ̀wé kà kí ẹ tó mọ̀ pé Bàbá Sàlá ni àti pé ẹ̀rín ń bọ̀. Ìlérí kan ṣoṣo, ó sì mú un ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Gánà díẹ̀, torí ibẹ̀ ni irú pósítà alárìnká yìí ti gbòòrò jù. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ fídíò níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ ti abúlé dé abúlé. Wọn ò ní pósítà títẹ̀, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán. Àwọn yẹn tú àpò ìyẹ̀fun, wọ́n rán méjì pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà ya àwòrán sí i. Tí eré bá parí, wọ́n á ká a bí ẹní, ó di ìlú tó kàn. Ayàwòrán lè má tíì wo fíìmù náà rí. Ó lè ya ejò olórí ènìyàn sí fíìmù tí kò sí ejò nínú rẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Irọ́ ni nígbà míì. Àmọ́ ayàwòrán mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ kúrò lábúlé náà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ejò lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi àpò ìyẹ̀fun yẹn kọ́ ògiri bí iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì ti ṣe ìwé ńlá lé e lórí, bíi *Extreme Canvas* tó jáde ní 2000. Ohun tí wọ́n sì ń rà náà ni ìgboyà ìlérí kan: ejò yẹn kì í bá orí mẹ́sàn-án mìíràn jà fún àyè.

Níbo wá ni orí mẹ́wàá ti wá? Owó ló mú un wá. Nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, kò sí ẹni tó tún lágbára láti máa fọ fíìmù lókè òkun. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni gbogbo ayé gbá mú. Kenneth Nnebue, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ *Living in Bondage* ti 1992, fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ ń náwó lé lórí. Láti ìgbà náà, olówó fíìmù kò gbé e kiri mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń rìn, lẹ́yìn náà ni VCD. Àwọn máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà ló sì ń rán wọn níṣẹ́.

Ẹ ro bí ọjà náà ṣe rí wò. Ẹni tó ń ta fíìmù ní Òṣogbo wọ Èkó láti kó ọjà. Fíìmù tuntun ogún wà níwájú rẹ̀, kò tíì wo ẹyọ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ta ló wà níbẹ̀?" Pósítà àti jákẹ́ẹ̀tì kásẹ́ẹ̀tì ló ń dá a lóhùn. Orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjà kan lórí àtẹ. Bí o bá fi orí kan sílẹ̀, o ti fi oníbàárà òṣèré yẹn sílẹ̀. Nítorí náà ni òṣèré tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yọjú nínú eré ṣe lè ní orí tó tóbi jù lórí pósítà, torí bí orúkọ rẹ̀ ṣe tà tó ni wọ́n fi wọn orí rẹ̀. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, kì í ṣe òpè. Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń ti apá ọ̀tún wá sójú ẹnì kan, ó ń ti apá òsì wá sójú ẹnì kejì. Iná àti mọ̀nàmọ́ná yẹn ni wọ́n fi ń bo ibi tí wọ́n ti gé wọn lẹ̀.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Nígbà tí Steve McQueen àti Paul Newman jọ ṣe *The Towering Inferno* ní 1974, àwọn méjèèjì ló fẹ́ kí orúkọ òun ṣáájú. Wọ́n wá fi ti McQueen sápá òsì, kí ojú lè kọ́kọ́ kà á, wọ́n sì gbé ti Newman sápá ọ̀tún ṣùgbọ́n ó ga ju ti èkejì lọ. Àgbà méjì ò lè jókòó lórí àga kan, ni wọ́n bá wá àga gíga fún ọ̀kan. Ní Poland ìgbà náà ńkọ́? Ìjọba ló ń pín fíìmù káàkiri, kò sí máàkẹ́tà tí yóò ka orí. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ wá ń ya ohun tí fíìmù náà mú wá sọ́kàn wọn, pósítà wọn sì wà lára èyí tí gbogbo ayé ń yìn jù dòní.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe. Ẹ fi àtàǹpàkò bo orúkọ fíìmù mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ ṣì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Pósítà *Jaws* ti 1975 yege: obìnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ lókè, ẹja ńlá ń gòkè bọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tán. Bàbá Sàlá náà yege. Ọ̀pọ̀ pósítà olórí mẹ́wàá ni yóò fìdí rẹmi, torí ẹ lè mú orúkọ tí ọ̀kan kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì, kò sẹ́ni tó máa fura. Síbẹ̀, àwa ọmọ Ìfọ́n àti Ìlobùú tó ń yá fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù kò bínú sí i nígbà náà. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn la ti kọ́ orúkọ àwọn òṣèré wa. Ó ṣiṣẹ́ fún àtẹ tí wọ́n ṣe é fún.

Ibi tí ó ti dùn wá jù ni orúkọ fíìmù gan-an. Tunde Kelani gbé *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* jáde ní 1993, ìtàn àwọn tó ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà. Ẹ wá yọ àmì kúrò bí ọ̀pọ̀ pósítà ṣe máa ń ṣe: "Ti Oluwa Ni Ile". Ṣé ilé ni àbí ilẹ̀? Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo eré dúró lé. *Kòṣeégbé* ti 1995 ńkọ́? "Koseegbe" lásán, ẹlòmíì á kà á sí "kò ṣègbé". Pósítà Yorùbá tí kò jẹ́ kí Yorùbá mọ orúkọ fíìmù ti kùnà kí a tó ka orí kankan.

Kì í ṣe àìbìkítà nìkan ló fà á. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a tò léra. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò ro tiwa á jẹ́ kí àmì náà fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pósítà, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á kúkú yọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí *Aníkúlápó* ti Kunle Afolayan dé orí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án 2022, àmì ohùn wà lórí orúkọ rẹ̀, inú wa sì dùn. Àmọ́ ẹ wo àwọn lẹ́tà náà dáadáa: á, í, ú, ó. Àwọn ará Sípéènì náà ń lo gbogbo rẹ̀, nítorí náà fọ́ǹtì gbogbo ló ní i. *Ṣaworoidẹ* ti 1999 kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, orí fóònù ni pósítà wà, kò sì ju páálí ìṣáná lọ. Orí mẹ́wàá ti di ẹ̀wà mẹ́wàá níbẹ̀. Ní 2017, Netflix ṣàlàyé pé àwọn máa ń yan àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún fíìmù kan náà, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìfẹ́, àwòrán olólùfẹ́ ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, aláwàdà ni. Wọ́n ti wá mọ ẹni tó dúró níwájú pósítà ju bí Ògúndé ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kò sí pósítà kan tí gbogbo ìlú jọ rí mọ́, tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ lé lórí lábẹ́ igi.

Àwọn ti bébà náà sì ń lọ. Òjò pa wọ́n, oòrùn jẹ wọ́n, ti olóṣèlú bò wọ́n mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó ṣẹ́kù lára ògiri tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pa tì, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ kọ orúkọ fíìmù náà pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ìlú tí ẹ ti rí i. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orúkọ atẹ̀wé máa ń wà ní lẹ́tà wínníwínní, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, nígbà míì, fún ẹni tó bá béèrè pé ta ló ṣe èyí.