ÌWÒSÀN ARA ÀTI ÌWÒSÀN Ọ̀KÀN: KÍ NI ÌTÀN KỌ́ WA?

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba tó ni ìwòsàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Ẹ̀yin àgbà Áfáà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ohun tó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Bàbá kan ládùúgbò wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá bá mi, mo ṣe àdúà fún un, mo kọ hàntú sí wàláà, mo fọ̀ ọ́ fún un mu. Mi ò bi í bóyá ó ń lo oògùn dókítà. Dókítà náà ò bi í bóyá ó ń mu nǹkan mìíràn. Nígbà tí ara fúyẹ́, bàbá ní òun ti gbádùn, ó da hóró oògùn nù. Kò pé oṣù mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló pín ìwòsàn sí méjì bẹ́ẹ̀?

1. LÁYÉ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ànábì kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ká wá ìwòsàn, ó sì tún ń ṣe àdúà fún aláìsàn. Kò fi ọ̀kan lé èkejì lọ.

Ọ̀nà yìí làwọn onímọ̀ wa tọ̀. Al-Razi, tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Baghdad. Ó kọ ìwé tó fi ìyàtọ̀ ìgbóná àti èéyi hàn. Òun kan náà kọ ìwé lórí ìwòsàn ara, ó sì kọ òmíràn lórí ìwòsàn ẹ̀mí kí méjèèjì lè jọ máa rìn. Ibn Sina (980–1037) ka afẹ́fẹ́, oúnjẹ, oorun, ìbínú àti ìbànújẹ́ mọ́ ohun tó ń tún ara ṣe tàbí tó ń bà á jẹ́. Ní Toledo ni wọ́n ti túmọ̀ al-Qanun rẹ̀ sí èdè Látìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, àwọn ará Yúróòpù sì fi kọ́ṣẹ́ ìṣègùn títí di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ẹni tó bá ní kò sí ọwọ́ wa nínú ìṣègùn òyìnbó, kò mọ ibi tí odò ti ṣàn wá ni.

2. NÍ ÀRÒ, NÍTÒSÍ WA NÍBÍ

Òyìnbó wá tẹ̀ síwájú nínú wíwo ara. Ká má purọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé ìgbóná kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde rẹ̀ ní 1980. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń wo ẹ̀yà ara lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹni tó ni ara.

Dókítà T. Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kò gbàgbé. Láti 1954 ní Àrò, ó ń fi àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú wọ̀ sí abúlé tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Wọ́n ń gbé láàárín èèyàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú òyìnbó. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lóòótọ́, ẹbọ ò sí nínú tiwa; ṣùgbọ́n ewé àti egbò, Ọlọ́run ló dá wọn.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Switzerland yọ èròjà reserpine nínú egbò ìbátan rẹ̀ kan láti Íńdíà. Èròjà yìí wà nínú tiwa náà, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Baba wa mọ egbò. Òyìnbó mọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá sì mu àgbo rẹ̀ mọ́ hóró dókítà láìsọ fẹ́nì kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá ààlà.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ẹ̀yin Áfáà ẹgbẹ́ mi, kí a tó fọ hàntú, ẹ jẹ́ ká bèèrè pé: oògùn wo lò ń lò? Ká sì sọ fún un pé kó má fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin dókítà, ẹ bèèrè láìfi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, kó lè sọ òótọ́. Bàbá yẹn ṣì wà láàyè, ọwọ́ òsì ló fi ń ka tẹ̀sùbáà. Kò bínú sí mi. Èmi ni mi ò tíì gbàgbé.

Kí Ọlọ́run dárí jì wá, kó fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín. Wassalamu alaykum.