Omi Kò Lọ́tàá: Ìtàn Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Ọgbà Ìlú ní Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òwe yìí kò ṣòro í túmọ̀. Ẹni tí ó bá bá omi ṣọ̀tá, òùngbẹ ni yóò gbẹ ẹ́, ìdọ̀tí ni yóò sì bò ó. Olówó ń mu omi, tálákà ń mu ún. Omi ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun náà ni a fi ń wẹ òkú kí ó tó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lónìí fi hàn pé, bí omi kò tilẹ̀ lọ́tàá, ènìyàn lè dúró ti omi kí ó sì wí pé ọmọ ẹnìkejì òun kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ tí owó gbogbo ará ìlú kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọ́n kékeré kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ètò àwọn ọmọdé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mister Rogers' Neighborhood jáde lórí amóhùnmáwòrán. Fred Rogers, aláwọ̀ funfun tí ó ń darí ètò náà, ki ẹsẹ̀ bọ inú omi nínú ọpọ́n ìṣeré ọmọdé, nítorí pé ooru mú. François Clemmons, akọrin adúláwọ̀ tí ó ń ṣe ọlọ́pàá nínú ètò náà, dé bá a. Rogers ní kí ó wá fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sínú omi. Clemmons ní òun kò mú aṣọ ìnura dání. Rogers ní kí ó lo ti òun. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ẹsẹ̀ dúdú méjì àti ẹsẹ̀ funfun méjì sì wà nínú omi kan náà.

Ọmọdé tí ó ń wò ó lè má rí ohun bàbàrà kankan níbẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ rí i. Kí ni ó wá sọ ọpọ́n omi lásán di ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀? A ní láti padà sẹ́yìn kí a tó lè dáhùn.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé inú yàrá híhá tí kò ní balùwẹ̀. Philadelphia wà lára àwọn ìlú tí ó kọ́kọ́ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìta gbangba fún ará ìlú, láàárín ọdún 1880 sí 1890. Kì í ṣe eré ni àwọn aláṣẹ ní lọ́kàn, ìmọ́tótó ni. Ọkùnrin ní ọjọ́ tiwọn, obìnrin ní ọjọ́ tiwọn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú apá Àríwá nígbà náà, ọmọ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun àti ọmọ òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ń bọ́ sínú omi kan náà. Tálákà ni àwọn ọlọ́lá ń sá fún, kì í ṣe àwọ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1920 ni nǹkan yí padà. Adágún ìlú di ibi ìgbafẹ́ ńlá, tí ìdílé lè lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́ pọ̀. Òpìtàn Jeff Wiltse, tí ó kọ ìwé Contested Waters ní ọdún 2007, ṣàlàyé pé ibi yìí gan-an ni ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ti wọlé sí adágún àwọn ìlú Àríwá. Àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ kí ọkùnrin adúláwọ̀ wà nínú omi pẹ̀lú àwọn obìnrin wọn. Ẹ̀sùn àrùn àti ìdọ̀tí tí wọ́n ti ń fi kan tálákà tẹ́lẹ̀, orí adúláwọ̀ ni wọ́n gbé e kà. Ní apá Gúúsù ní tiwọn, òfin ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú mìíràn kò tilẹ̀ kọ́ ẹyọ kan fún adúláwọ̀.

Ẹ wo Pittsburgh, ìlú kan náà tí wọ́n ti ń ṣe ètò Rogers. Ní ọdún 1931 ni wọ́n ṣí adágún ńlá kan nínú ọgbà Highland Park. Nígbà tí àwọn adúláwọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí dókítà wá pé ara wọn dá. Wọn kò bi aláwọ̀ funfun kankan léèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ tí ó padà wá láti wẹ̀, wọ́n lù wọ́n nínú omi, àwọn ọlọ́pàá sì dúró, wọ́n ń wò. Kò sí òfin ìpínlẹ̀ tí ó lé wọn jáde; ẹ̀ṣẹ́ àti igi ni ó lé wọn.

Síbẹ̀, àsìkò yẹn náà ni Amẹ́ríkà kọ́ adágún jù lọ. Iṣẹ́ wọ́n lóde, ebi ń pa ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ sì ná owó kí àwọn tí kò níṣẹ́ lè rí nǹkan ṣe. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1936 nìkan, New York ṣí adágún ńlá 11. Robert Moses ni ó ń ṣe àbójútó ọgbà ìlú nígbà náà, Fiorello La Guardia sì ni olórí ìlú. Wọn kò gbàgbé àwọn kéékèèké: lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún àgbà, wọ́n ń kọ́ adágún ọmọdé, omi tí kò jìn, tí ọmọ tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ lè dúró nínú rẹ̀ kí ó máa ta omi sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni ọmọdé ń wọlé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rí ibi tutù tí ó lè sá sí nínú ooru, kò sì ná kọ́bọ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbí. Adágún ọmọdé àti adágún àgbà sábà máa ń wà nínú ọgbà kan, lábẹ́ àṣẹ kan náà. Bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ bàbá nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ti tì í mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́ náà nìyẹn.

Ìlú Baltimore fi èyí hàn kedere. Nínú ọgbà Druid Hill, adágún méjì ni ó wà: Adágún Kìíní, èyí tí ó tóbi, jẹ́ ti aláwọ̀ funfun, Adágún Kejì, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1921, jẹ́ ti adúláwọ̀. Ní ọdún 1953, ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan lọ wẹ̀ nínú odò Patapsco, omi sì gbé e lọ. Ikú rẹ̀ mú kí ẹgbẹ́ NAACP, tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, túbọ̀ tẹra mọ́ ìjà lórí adágún ìlú. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní ọdún 1955, a sì ṣí adágún ìlú fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1956. Adágún Kejì wà níbẹ̀ di òní, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i, koríko bò ó. Ní ọdún 1999, ayàwòrán Joyce Scott sọ ọ́ di ibi ìrántí.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní St. Louis, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1949, aláṣẹ ìlú kan pàṣẹ pé kí adágún ìlú di ti gbogbo ọmọ. Ìwọ̀nba ọmọ adúláwọ̀ díẹ̀ ni ó lọ wẹ̀ nínú adágún Fairground Park lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ funfun ti yí ọgbà náà ká, wọ́n sì ń lu adúláwọ̀ tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀. Olórí ìlú fagi lé àṣẹ náà. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣí i padà ní ọdún 1950. Nígbà tí adúláwọ̀ wọlé lábẹ́ òfin, àwọn aláwọ̀ funfun kò wá mọ́, ní ọdún 1956 wọ́n sì ti adágún náà pa.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú yìí náà ni Rosa Parks ti kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ní ọdún 1955. Nígbà tí àwọn adúláwọ̀ pe ìlú lẹ́jọ́ nítorí ọgbà ìgbafẹ́, àwọn aláṣẹ kò dúró de ìdájọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1959, wọ́n ti gbogbo ọgbà ìlú pa. Wọ́n ta àwọn ẹranko tí ó wà nínú ọgbà Oak Park, wọ́n sì dí adágún ibẹ̀ pa. Ọdún 1965 ni wọ́n tó ṣí àwọn ọgbà padà. Adágún náà kò padà.

Ní Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, adágún ìlú jẹ́ márùn-ún: mẹ́rin fún aláwọ̀ funfun, ẹyọ kan fún adúláwọ̀. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ sọ ní ọdún 1962 pé ìyàsọ́tọ̀ lòdì sí òfin, ìlú náà ṣí ọgbà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó jáwọ́ pátápátá nínú adágún. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Palmer v. Thompson. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1971, adájọ́ márùn-ún dá ìlú láre, mẹ́rin kò fara mọ́ ọn. Adájọ́ Hugo Black kọ̀wé pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ti adágún mọ́ dúdú àti funfun bákan náà, a kò fi ẹ̀tọ́ dun ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ṣé ìdọ́gba ni kí gbogbo ọmọ jọ pàdánù? Ní orí ìwé, ó lè jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó kò pàdánù pẹ́. Yorùbá ní kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú yóò ṣe ọdẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun tí ó rí jájẹ ṣe nìyẹn: wọ́n dá ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ aládàáni sílẹ̀, wọ́n gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé. Wiltse kọ ọ́ pé ní ọdún 1950, nǹkan bí ìdílé 2,500 péré ni ó ní adágún tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ ilé wọn. Ní ọdún 1999, ó ti tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọmọ adúláwọ̀ pàdánù, ọmọ aláwọ̀ funfun tí bàbá rẹ̀ kò rí owó gbẹ́ adágún náà sì pàdánù. Àwọn aláṣẹ tí ó ní àwọn ń gbèjà aláwọ̀ funfun ni ó gba omi lọ́wọ́ ọmọ aláwọ̀ funfun.

Nígbà tí kò sí adágún, àwọn ọmọ ìgboro wá omi síbòmíràn. Ní oṣù Keje ọdún 1966, ooru mú gan-an ní Chicago. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní apá Ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi panápaná tí ó wà lẹ́bàá títì, wọ́n ń ṣeré nínú omi tí ó ń tú jáde. Ọlọ́pàá wá tì í. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn fún ọjọ́ mélòó kan, títí ìjọba fi kó ẹ̀ṣọ́ ológun wọ ìlú. Lẹ́yìn náà ni olórí ìlú, Richard Daley, ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí a fi ohun ìfọ́nmi sí ẹnu àwọn ẹ̀rọ náà, kí a sì wá adágún alágbèéká fún àwọn ọmọ. Ìgbìmọ̀ Kerner, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti wádìí irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀, ka àìsí ibi ìgbafẹ́ tí ó dára mọ́ ẹ̀dùn ọkàn pàtàkì àwọn adúláwọ̀ nínú ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1968. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, New York náà kọ́ àwọn adágún kékeré tí jíjìn wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí àdúgbò tálákà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí iná ti ràn ni ìlú rántí omi.

Àbájáde ìtàn yìí kò tíì tán. Ìwẹ̀ kì í ṣe àmútọ̀runwá. Ọwọ́ òbí tàbí olùkọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, òbí tí kò mọ̀ ọ́n kò sì lè kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2017 sọ pé ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ adúláwọ̀ ni kò mọ ìwẹ̀ tàbí tí ó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ti ọmọ aláwọ̀ funfun jẹ́ 40. Àjọ CDC tí ó ń rí sí ìlera sì sọ pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14, bí omi adágún ṣe ń pa ọmọ adúláwọ̀ ju ìlọ́po méje ti ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ bàbá àgbà ní ọdún 1931 ṣì ń pa ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ọpọ́n wa. Bí Rogers àti Clemmons ṣe jọ ki ẹsẹ̀ bọ omi ní ọdún 1969, ìlú Jackson ti ti adágún rẹ̀ pa, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì tíì dé ìparí. Ìdí nìyí tí ọpọ́n náà fi tóbi lójú àwọn àgbà. Ní ọdún 1993, àwọn méjèèjì tún un ṣe lórí ètò kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe, ẹ má ṣe fi “omi kò lọ́tàá” sílẹ̀ ní ìtumọ̀ ojú ewé lásán. Ẹ bi wọ́n pé: ní ìlú tiwa, ibo ni ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ, tí a kò ní béèrè owó tàbí orúkọ bàbá lẹ́nu ọ̀nà? Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Bí wọ́n bá tì í lọ́la, ta ni yóò pàdánù? Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ìlú tí ó da iyẹ̀pẹ̀ sínú omi ọmọ ẹlòmíràn, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ tiwọn.