Nọ́ńbà Ara Ògiri Ilé Mólétè

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò bàbá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o mọ kọ̀ǹpútà, bá wa wá ìwé ilé Mólétè jáde. A nílò rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbì kan, pé màá kàn tẹ àdírẹ́sì wọlé ni. Ká má parọ́, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, wíwá nǹkan nínú dátábéèsì sì ti mọ́ mi lára. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, ẹ lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín kí ẹ máa wo ẹni tó ni ilé kan, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ dá lé e, àti owó tí wọ́n ní kí onílé san lórí rẹ̀. Ní England, láti December 1990 ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá san owó díẹ̀.

Oníbàárà ló ti dé, òun ni wọ́n ṣe ń wá ìwé. Ẹni náà fẹ́ ra ilé bàbá àgbà wa, kó wó o, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìyá Aláṣọ ṣì ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Ìyá Aláṣọ ni àkọ́bí bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, wọ́n sì ti di olóògbé. Lójú àwọn kan nínú ẹbí, obìnrin tó ti relé ọkọ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Bí ilé bá tà, àwọn ọmọ Ìyá Aláṣọ ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Inú ìwé tí wọ́n ní kí n lọ wá nìyẹn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi lórí fóònù.

Ibi tí mo ti ṣìnà lákọ̀ọ́kọ́ ni pé mo rò pé ìwé kan ṣoṣo ló wà. Ó gbà mí lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni Ìbàdàn gbà ń rántí ẹni tó ni ilẹ̀, àti pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹnu ni àkọ́kọ́. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, àgọ́ ogun ló fi bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi 1829, lẹ́yìn tí Òwu fọ́. Kò sí ọba kan tó jókòó pín ilẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan mú ibi tó wù ú, ó gbé agbo ilé kalẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì yí i ká. Ẹni tó bá wọ̀lú lẹ́yìn náà, àfi kó wá babaógun kan tí yóò sá di. Babaógun yìí ni yóò fi ilẹ̀ hàn án: ibi tí yóò kọ́lé sí nígboro àti ibi tí yóò ti dáko lóko. Kì í ṣe owó ló fi gbà á, ìsìn ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi yín láyé ìgbà yẹn pé ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ wà, orúkọ ènìyàn ni ẹ ó dá, ẹ kò ní sọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Mọ́gàjí agbo ilé ló mọ ìyókù: igi tó jẹ́ ààlà, odò tó jẹ́ ààlà, ẹni tí a yá, ẹni tí a fi ta lọ́rẹ.

Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó wá di Olúbàdàn ní 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Àwọn èèyàn máa ń kà á bí ìwé ogun. Èmi máa ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ta ti mọ ìdajì ẹni tó jókòó sórí ilẹ̀ ta.

Ẹ má sì rò pé ayé ti kọjá ẹnu. Ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ẹjọ́ ilẹ̀ Warri. Wọ́n ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni wọ́n kọ́kọ́ kà, ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tí baba baba yín sọ fún baba yín ṣì lè dúró níwájú adájọ́.

Ìrántí kejì wà nínú ìwé ńlá-ńlá ti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ní August 1893 ni Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1901, rélùwéè dé. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe babaógun wọn, ẹni tí kì í jagun sì nílò nǹkan mìíràn tí yóò dì mú. Ìwé ni nǹkan náà. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1924 ní kí wọ́n máa mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún ìjọba kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé tó wà, àti ìdìpọ̀ tó wà. Nọ́ńbà mẹ́ta péré. Bí ẹ bá ní in lọ́wọ́, iṣẹ́ ti bùṣe.

Bí ẹ kò bá ní in ńkọ́? Ẹ ó máa fi orúkọ wá a nìyẹn, orúkọ ẹni tó tà àti ti ẹni tó rà. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ ohun tí orúkọ lè fojú ẹni rí. Akọ̀wé kan yóò kọ Ṣ bí Sh, òmíràn yóò kọ ọ́ bí S lásán. Bàbá àgbà mi ní orúkọ àbísọ, orúkọ mùsùlùmí àti orúkọ iṣẹ́ tí gbogbo Mólétè mọ̀ wọ́n sí. Èwo ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà? Ìwé yìí kò sì búra fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ìjọba sọ pé lágbájá ló ni ilẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n mú ìwé kan wá, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó tà á kò bá ní in, ìforúkọsílẹ̀ kò lè sọ ọ́ di onílẹ̀.

(Ìgbà tó di 29 March 1978, òfin ìlò ilẹ̀ ti ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, láti dì í mú fún gbogbo ará ìlú. Ibẹ̀ ni C of O tí gbogbo èèyàn ń lé kiri ti wá. Ẹni tó ti ń gbé ilé rẹ̀ ṣáájú kò sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ó di dandan kí gómìnà fọwọ́ sí i kó tó lè tà á.)

Ìrántí kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Ẹ lọ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Mólétè, kí ẹ wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́. Ẹ ó rí lẹ́tà kan tàbí méjì, nọ́ńbà kan, ìlà dídábùú, nọ́ńbà mìíràn. S ni gúúsù, N ni àríwá, E ni ìlà oòrùn, SW ni gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà ni wọ́ọ̀dù, èyí tó kẹ́yìn ni ilé. Títí dòní, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn wọ́ọ̀dù ìdìbò nìyẹn nígboro Ìbàdàn: S1, S2A, N4, SW6. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ronú sí i, mo dìde dúró. Primary key nìyí o! Àmì kan ṣoṣo tí ilé méjì kò lè jọ ní, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri kí a tó bí mi.

Ibi tí nọ́ńbà yìí ti ń ṣiṣẹ́ ni ìwé owó ilé. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979, àti ti 1999 tó tẹ̀ lé e, fi dídíyelé ilé ara ẹni sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè gba owó lórí rẹ̀. Adíyelé yóò wo iye tí ilé náà lè pa lọ́dún bí wọ́n bá fi háyà, yóò yọ ti àtúnṣe kúrò, wọn yóò sì gba díẹ̀ lára ohun tó kù. Ẹ kíyè sí i: kì í bèèrè ìtàn. Bí ẹni tó wà nílé bá ti lè sanwó, ó parí. Orúkọ ẹni tó sanwó ni yóò wà lórí rìsíìtì, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ arẹ́ńtì.

Nígbà tí orúkọ kò so èso kankan fún mi ni mo lọ bá àwọn ọmọ Ìyá Aláṣọ. Àkọ́bí wọn, tí mò ń pè ní Àǹtí, wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà wá lé wa ni?" Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé, wọ́n sì fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ òfì ló wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni rìsíìtì owó ilé wà, tí wọ́n fi òwú dì, láti 1981 títí dé 1994. Orúkọ Ìyá Aláṣọ ló wà lórí gbogbo wọn. Mo ka ọdún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó fò. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin ilé wà l'Ékòó àti ní ìlú òyìnbó, owó aṣọ tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba ni wọ́n fi ń san án.

Lẹ́yìn ọ̀kan nínú rìsíìtì náà, ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà mẹ́ta tí ìlà dídábùú pín. Mo rò pé nọ́ńbà fóònù àtijọ́ ni. Mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí n tó rántí: nọ́ńbà, ojú ewé, ìdìpọ̀. Ìyá Aláṣọ kò lọ sílé ìwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ ẹnìkan kọ ọ́ fún wọn. Nínú gbogbo ìwé tí mo yẹ̀ wò, ibẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà ara ògiri àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ti pàdé.

Ìwé jáde. 1958 ni, olórí ẹbí kan àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló ta ilẹ̀ náà fún bàbá àgbà. Orúkọ bàbá àgbà nìkan ló wà níbẹ̀, inú àwọn tó fẹ́ tà á sì dùn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kú láìṣe ìwé ìhágún. Nínú àṣà Yorùbá tí ilé ẹjọ́ gbà, ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti wà láti 1908 l'Ékòó, lórí ilé ẹbí Mabinuori tó kú ní 1874. Ohun tí adájọ́ sọ níbẹ̀ ni pé bí dáwódù bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn láti ṣe olórí ẹbí, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ wo ẹbí wa!

Rìsíìtì kì í ṣe ìwé ilẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ kan tó ti Gold Coast dé London ní 1957, Kojo Kejì àti Bonsie, àwọn adájọ́ ní bí ìtàn méjì bá takora, kí a má wo ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ jù. Kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí ojú ṣì tó, kí a rí ìtàn tó bá a mu. Mo ka ibẹ̀ sókè nípàdé ẹbí, mo sì to àwọn rìsíìtì sórí tábìlì ní ọdọọdún. Àbúrò bàbá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú ti 1987, wọ́n yí i padà, wọ́n tún yí i padà. Wọ́n ní, "Ọdún tí mo ní kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí mi nìyí. Wọ́n fi ránṣẹ́."

Títí di ìsinsìnyí, wọn kò tíì fẹnu kò lórí títà. Oníbàárà ti lọ wo ilé mìíràn lọ́nà Challenge. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Àǹtí ní kí n bá wọn ra ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, nítorí nígbà tí wọ́n kun iwájú ilé kẹ́yìn, wọ́n ti kun nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀. Mo gun àpótí, Àǹtí ń pè é láti inú rìsíìtì, mo sì ń kọ ọ́.