Oògùn Kẹta Lórí Ìwé

Nígbà tí olùkọ́ ìtàn wa ní kí a kọ àròkọ lórí ìtàn kan tó kan ilé wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi sáré mú Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tó sá wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò nílùú ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Èmi náà ì bá mú un, nítorí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n inú páálí oògùn kékeré kan ni ìtàn tó kan ilé wa ní Ìkòròdú wà, mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Màmá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń yan ẹja, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀ bí a ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ni kókó tó wà ní ọmú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò máa fa oògùn sí i lára láti ojú iṣan, ìyẹn kímótẹ́rápì, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó kó wá sọ́dọ̀ wa kí ọ̀nà ilé ìwòsàn lè dín kù fún un.

Oògùn mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé tí a ó fi ra èyí tí yóò máa lò nílé. Èmi ni ìyá mi rán. Owó tó fún mi kò tó, nítorí pé oògùn ti wọ́n sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo bi ẹni tó ń ta oògùn pé kí ni ìkẹta wà fún. Ó ní, “Ti èébì ni.” Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé èébì? Ta ni kì í bì? Mo ní kó yọ ọ́. Mo gbé ìyókù wálé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún Màmá ní abẹ́rẹ́ kan kí wọ́n tó fa oògùn sí i lára, nítorí náà ara rẹ̀ balẹ̀ títí a fi délé. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Abọ́ tí a fi ń ṣan ẹ̀fọ́ ni mo gbé sí i lẹ́nu. Mo ka èébì náà dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, mo sì dákẹ́ kíkà. Nígbà tí kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́, omi òróòro ló ń bì. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi fẹ́ dá a lára yá, ó sì se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìsọ̀ Màmá fúnra rẹ̀. Ìkòkò kò tíì hó tí Màmá fi ìborùn dí imú, tó sá jáde lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Obìnrin tó fi èéfín ẹja tọ́ ọmọ márùn-ún! Ibẹ̀ ló ti sọ pé, “N kò lọ mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí àrùn náà ṣe tirẹ̀.”

Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn oògùn wọ̀nyí. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo yọ.

Ogun ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ní ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì fọ́n gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní mustard sí àwọn ọmọ ogun tó dojú kọ wọ́n. Ní ọdún 1942, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Louis Goodman àti Alfred Gilman, ń wádìí ìbátan gáàsì náà fún ìjọba. Wọ́n rí i pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá ro ó pé bó bá lè pa ìwọ̀nyẹn, ó lè pa jẹjẹrẹ tó ti ara wọn hù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fún ọkùnrin kan tí kókó ti dí lọ́rùn ní oògùn ọ̀hún. Kókó náà sọ̀. Lẹ́yìn náà ó padà, ọkùnrin náà sì kú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti là. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1943, bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù sí èbúté Bari ní Ítálì. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Harvey wà níbẹ̀, ó sì gbé bọ́ǹbù mustard sínú ní ìkọ̀kọ̀. Ó lé ní 600 ènìyàn tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lé ní 80 nínú wọn tó kú. Dókítà ọmọ ogun kan, Stewart Alexander, yẹ ara wọn wò, ó sì rí ohun kan náà: sẹ́ẹ̀lì funfun ti run tán. Ọdún 1946 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ Yale jáde fún gbogbo ayé.

Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń fà sí Màmá lára, cyclophosphamide, ọmọ ìyá gáàsì yẹn ni. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1950. Èkejì pupa bíi zobo. Doxorubicin ni orúkọ rẹ̀. Láti ara kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ni wọ́n ti rí i, inú ilẹ̀ nítòsí ilé olódi Castel del Monte ní Ítálì ni wọ́n sì ti bu kòkòrò náà. Mo wo máàpù: agbègbè Puglia kan náà ni ibẹ̀ àti Bari wà. N kò mọ ohun tí ènìyàn lè fi ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún Màmá, ó sì ní àṣé àwọn ará ibẹ̀ mọ májèlé dáadáa.

Ìtàn náà kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí Denis Burkitt kọ̀wé ní ọdún 1958 nípa jẹjẹrẹ tí ń wú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àwọn ọmọdé ní Ùgáńdà, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti fi oògùn wò ó. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1972, wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker dá òun àti Burkitt àti àwọn mìíràn lọ́lá ní Amẹ́ríkà. Mo ka gbogbo ohun tí mo rí nípa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Mo rí bí kókó wọn ti tóbi tó àti iye ọjọ́ tó fi sọ̀. Nínú ohun tí mo kà, n kò rí ẹni tó di abọ́ mú. Ìyá ọmọ kan gbọ́dọ̀ ti jókòó lóru ní Ìbàdàn bí mo ti jókòó ní Ìkòròdú, kò sì sí oògùn kẹta tí ì bá rà.

Bí àwọn oògùn tó le ṣe ń pọ̀ sí i ni èébì náà ń burú sí i. Cisplatin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978, lè mú ènìyàn bì tó ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Àwọn kan sá fún ìtọ́jú, bí Màmá ti fẹ́ sá. Ní ọdún 1981, Richard Gralla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí wọ́n bá fún ènìyàn ní metoclopramide púpọ̀, ó ń dín in kù gan-an. Ṣùgbọ́n ọdún 1983 ni mo dúró lé lórí jù. Ní ọdún náà, àwọn dókítà ní Sydney, ní Ọsirélíà, bi àwọn aláìsàn fúnra wọn pé èwo ló ń ni wọ́n lára jù nínú gbogbo ohun tí oògùn náà ń fà. Èébì ni wọ́n fi ṣe ìkíní, inú rírìn ni wọ́n fi ṣe ìkejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irun jíjá wá. Wọ́n bi wọ́n ni! Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọkùnrin Yale yẹn ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ní tèmi, Màmá wà nílé lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé oògùn, n kò bi í.

Ohun tó ń fa èébì ọ̀hún náà yé mi. Oògùn jẹjẹrẹ ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀, irú wọn sì wà nínú ìfun. Bí wọ́n bá ti ń bàjẹ́, wọ́n ń tú ohun kan tó ń jẹ́ serotonin jáde. Serotonin yóò kan ilẹ̀kùn iṣan tó lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n da májèlé náà síta. Ondansetron, tí ilé-iṣẹ́ Glaxo ṣe ní Ìlú Ọba, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991, ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tó fi máa di 2006, ẹ̀tọ́ àdáni lórí rẹ̀ ti parí ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Òun ni ìkẹta lórí ìwé wa.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìkejì tó pé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

“Èló ni wọ́n ń ta á, Àbẹ̀kẹ́?”

Mo sọ iye rẹ̀.

“Owó àrọ̀ méjì!” Ó pòṣé. “Ìwọ fi owó àrọ̀ méjì dá mi dọ̀bálẹ̀ sínú abọ́ ẹ̀fọ́.” Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó ní òun yóò lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé mi ń pa.

Ìyá mi gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, a ra gbogbo oògùn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa pé kí a má dúró de èébì kó tó lò ó. Aago ni kí a máa wò. Mo kọ àkókò rẹ̀ sára ògiri. A lé ẹja kúrò nílé pátápátá. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù ni mo ń fún un, ìdajì ife ní wákàtí méjì-méjì, nítorí oúnjẹ gbígbóná ń rùn ju èyí tó tutù lọ. Ó bá àgbálùmọ̀ láàyè, nítorí oṣù Kejì ni. Mo máa ń fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa kí n tó la á, yóò sì máa lá a díẹ̀díẹ̀. Aládùúgbò kan gbé àgbo wá. Ìyá mi kọ́kọ́ bi dókítà, ó ní kí a má fi kún un. Màmá bì lẹ́ẹ̀mejì péré lóru náà, inú sì ń rìn ín fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ó sùn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni oògùn náà ká o. Nígbà tó di ìkẹrin, bí bọ́ọ̀sì wa bá ti ń dé Mile 12 ni èébì ti ń gbé e, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn án. Dókítà ní ara ló ti kọ́ ọ̀nà náà, pé ó ń ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń jókòó tì í, tí n ó ní kó ka orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Olúwo fún mi àti gbèsè tí oníkálukú jẹ ẹ́. Àwọn kan jẹ ẹ́ láti ọdún 2019. Ìbínú wọn máa ń gbé e dé Ọjọ́ta.

Ó ku ẹyọ kan. Ìwé náà wà nínú báàgì ilé-ìwé mi bí mo ti ń kọ èyí, mo sì ti ra ìkẹta sílẹ̀.