Òfin Gígùn Ọkọ̀ àti Ibùsùn Awakọ̀: Ìtàn Orí Tírélà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, 1935 sí 2021

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yóò ṣàkíyèsí pé oríṣi méjì ni orí àwọn tírélà tí ń kọjá níbẹ̀. Àwọn kan ní imú gígùn. Inú imú yẹn ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, awakọ̀ sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mack tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ojú mọ̀ jù nínú wọn. Àwọn yòókù kò ní imú. Ojú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri, orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni awakọ̀ sì jókòó sí. Irú èyí ni DAF ti ilẹ̀ Họ́láǹdì àti MAN ti ilẹ̀ Jámánì. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìwà àti ilẹ̀ àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí: pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀, ohun ńlá ni wọ́n sì ń fẹ́; pé àwọn ìlú Yúróòpù há, ohun kúkúrú ni ó sì bá wọn mu.

Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ èrò náà. Ohun tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí òfin ń gbà wọn ọkọ̀ ni ó pinnu bí iyàrá awakọ̀ ṣe rí, àti bí ibi tí awakọ̀ ń sùn sí ṣe fẹ̀ tó. Níbi tí òfin bá ti wọn ọkọ̀ láti bọ́ńpà iwájú títí dé ìdí tírélà, inú ààyè ẹrù ni wọ́n ti ń bu gbogbo ààyè tí wọ́n bá fún awakọ̀. Níbi tí ó bá ti jẹ́ pé tírélà nìkan ni òfin ń wọ̀n, ààyè awakọ̀ kò dí ẹrù lọ́wọ́ mọ́. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn orí tírélà, ẹ̀yìn olórí ni wọ́n ti fá a lọ́pọ̀ ìgbà: nítorí rélùwéè ni wọ́n ṣe gé e kúrú, nítorí ẹrù ni wọ́n sì ṣe fi í sílẹ̀ kí ó gùn.

Amẹ́ríkà kí ọdún 1982 tó dé

Ní ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin Motor Carrier Act gbé àbójútó ọkọ̀ ẹrù tí ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn lé àjọ Interstate Commerce Commission lọ́wọ́. Kí ọdún 1939 tó parí, àjọ náà ti ṣe òfin wákàtí iṣẹ́: awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 10 lọ kí ó tó sinmi fún wákàtí 8. Nítorí pé orí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ti ń sinmi, ó di dandan kí òfin sọ ohun tí ó lè jẹ́ ibùsùn. Ibùsùn tí wọ́n bá ti kàn mọ́ ọkọ̀ kí ọdún 1953 tó wọlé, kí ó ṣáà ti gùn tó ínǹṣì 72, kí ìbú rẹ̀ tó ínǹṣì 18, kí àlàfo tí ó wà lókè rẹ̀ sì tó ínǹṣì 18. Láti ọdún 1953, òfin béèrè ínǹṣì 75 fún gígùn àti 21 fún ìbú àti àlàfo òkè. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1975, ìbú àti àlàfo òkè di ínǹṣì 24.

Àwọn iye yìí tó fún ènìyàn láti ronú lé lórí. Ínǹṣì 18 kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sùn sínú ibùsùn tí ìbú àti òkè rẹ̀ kò ju èyí lọ kò lè jókòó lórí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, èjìká rẹ̀ yóò kan àjà. Kò yani lẹ́nu pé pósí ni àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ń pè é. Ọdún 22 gbáko ni ó sì gba òfin kí ó tó fi ínǹṣì 3 péré kún ìbú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló dé tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kò fi fún awakọ̀ ju èyí tí òfin pàṣẹ lọ? Ìdáhùn wà nínú òfin mìíràn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu bí ọkọ̀ ẹrù yóò ṣe gùn tó lójú ọ̀nà rẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn kò fàyè gba ju ẹsẹ̀ bàtà 55 lọ, láti bọ́ńpà títí dé ìdí. Lábẹ́ irú òfin báyìí, gbogbo ínǹṣì tí imú ọkọ̀ bá gbà, tírélà ti pàdánù rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n gé imú náà kúrò, kí wọ́n sì gbé awakọ̀ ka orí ẹ́ńjìnnì.

Ìtàn iléeṣẹ́ Freightliner jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Kì í ṣe ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ tà ni ó dá a sílẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ń kó ẹrù. Leland James, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ akẹ́rù Consolidated Freightways, ń wá ọkọ̀ tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì kúrú, kí ẹrù tí yóò gbé lè pọ̀ sí i. Nígbà tí kò rí i rà bí ó ṣe fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì ń lo alumíníọ̀mù dípò irin. Ní ọdún 1942 ni iléeṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Salt Lake City. Ní ọdún 1958, ó gbé iyàrá awakọ̀ tí ó ṣeé dojú rẹ̀ délẹ̀ síwájú pátápátá jáde, kí ọwọ́ mẹkáníìkì lè tó ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó ṣe kókó níbí ni pé ẹni tí ó ni ẹrù ni ó ya àwòrán iyàrá náà. Ẹrù àti mẹkáníìkì ni ó rò. Ẹ̀yìn wọn ni awakọ̀ dé.

Ara awakọ̀ ni ó san owó rẹ̀. Nínú ọkọ̀ onímú, àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ìjókòó wà, ibẹ̀ kì í sì í gbọ̀n púpọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní imú, orí táyà iwájú gan-an ni awakọ̀ jókòó sí, kòtò kọ̀ọ̀kan sì ń ti ibẹ̀ gba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ooru àti ariwo ẹ́ńjìnnì ń ti abẹ́ ìjókòó wá, bí ọkọ̀ bá sì kọlu nǹkan, kò sí ohun púpọ̀ níwájú tí yóò gba ìjàǹbá náà fún un. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá àtúnṣe sí díẹ̀ nínú ìnira yìí. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fún pọ̀ fún bíréèkì, wọ́n darí díẹ̀ sínú àpò rọ́bà abẹ́ ìjókòó, kí ó máa gbé awakọ̀ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọdún 1974, àjọ ISO gbé ìlànà kan jáde, ISO 2631, lórí bí wọn yóò ṣe máa díwọ̀n gbígbọ̀n tí ń wọ ara ènìyàn. Ní ọdún 1976, Kenworth gbé òrùlé iyàrá awakọ̀ ga sókè nínú ọkọ̀ tí ó pè ní Aerodyne, kí awakọ̀ lè dìde dúró. Ìdí tí ó fi jẹ́ òkè ni wọ́n gbà hàn gbangba: òkè nìkan ni òfin gígùn kò dé.

Lẹ́yìn ọdún 1982

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1983, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Surface Transportation Assistance Act ti ọdún 1982. Òfin náà fi kún owó orí epo láti fi tún ọ̀nà ṣe. Ó tún ka èèwọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi òté lé gígùn orí ọkọ̀ àti tírélà pa pọ̀ ní àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n yàn. Tírélà nìkan ni wọn yóò máa wọ̀n láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ kọ tírélà tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 48 lọ.

Àyípadà tí ó tẹ̀lé e yára. Imú padà sójú ọkọ̀. Ibùsùn kúrò ní pósí, ó di iyàrá tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀, tí ó ní àpótí aṣọ àti ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ tí kò ní imú ń dín kù, títí Freightliner fi dá títa Argosy, irú rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní Àríwá Amẹ́ríkà, dúró níbẹ̀ ní ọdún 2006. Ibí ni èrò tí ó gbòde ti wó. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, ni ó ra ọkọ̀ tí kò ní imú kí ọdún 1982 tó dé, tí wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ wọn kò fẹ̀ sí i, ìwà wọn kò sì yí padà. Ohun tí òfin ń wọ̀n ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí awakọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Èrè tí awakọ̀ rí nínú rẹ̀, èèṣì ni.

Jámánì àti ìṣọ̀kan Yúróòpù

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ọ̀nà tí ìtàn náà gbà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́. Hans-Christoph Seebohm, tí ó jẹ́ mínísítà ìrìnnà láti ọdún 1949 sí 1966, fẹ́ dáàbò bo rélùwéè ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù. Òfin tí ó gbé jáde ní ọdún 1956 pàṣẹ pé ọkọ̀ àti àfikún tí ó ń fà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 14 lọ, kí ìwúwo wọn má sì ju tọ́ọ̀nù 24 lọ. Ọkọ̀ onímú, èyí tí wọ́n mọ Jámánì mọ́ títí di ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àyè rẹ̀ nù. Mercedes LP 333 ti ọdún 1958, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì ní táyà ìdarí ní ìlà méjì níwájú, jẹ́ ọmọ òfin yìí. Ní ọdún 1960, wọ́n dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ kò padà sí bí ó ti wà, nítorí pé wọ́n ṣì ń wọn ọkọ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

Ní Yúróòpù náà, òkè ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ní ọdún 1979, Volvo gbé òrùlé gíga Globetrotter lé F12. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn akẹ́rù kan rí ọgbọ́n mìíràn dá: wọ́n yọ ibùsùn kúrò lẹ́yìn ìjókòó, wọ́n gbé e sínú àpótí kan lórí òrùlé, wọ́n sì fi ààyè tí ó ṣẹ́ kù kún ti ẹrù. Ihò inú àjà ni awakọ̀ ń gbà gun òkè lọ sùn. Òfin ní láti dá sí i. Nínú ìlànà 96/53 ti ọdún 1996, ọkọ̀ àti àfikún rẹ̀ lè gùn tó mítà 18.75, ṣùgbọ́n láti ibi tí ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ìdí àfikún kò gbọdọ̀ ju mítà 16.40 lọ. Mítà 2.35 ni ó ṣẹ́ kù fún bọ́ńpà, ìjókòó, ibùsùn, àti àlàfo ẹ̀yìn wọn. Ó kéré lóòótọ́, síbẹ̀ òfin ti ya ààyè kan sọ́tọ̀ tí ẹrù kò lè gbà.

Ìlànà 2015/719 ti ọdún 2015 lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó gbà kí orí ọkọ̀ gùn kọjá òté, bí yóò bá dín epo kù, tí yóò sì dín ewu kù, tí ààyè ẹrù kò sì ní pọ̀ sí i. DAF ni ó kọ́kọ́ lò ó, ní ọdún 2021: orí ọkọ̀ XG fi sẹ̀ǹtímítà 16 gùn síwájú, ó sì fi 33 gùn sẹ́yìn. Bí ẹrù kò ti lè jèrè nínú gígùn náà mọ́, ọwọ́ awakọ̀ ni ó bọ́ sí.

Ohun tí ààyè nìkan kò lè ṣe

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé iyàrá ńlá túmọ̀ sí ayé ìrọ̀rùn. Òfin Motor Carrier Act ti ọdún 1980 tú ọjà ìkẹ́rù Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún ìfigagbága, owó tí awakọ̀ ń gbà sì wálẹ̀. Michael Belzer ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀, Sweatshops on Wheels, tí ó jáde ní ọdún 2000. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún díẹ̀ kan náà ni ibùsùn fẹ̀ tí owó iṣẹ́ sì dín kù. Iyàrá tí ó tura tún mú kí ó rọrùn fún ọ̀gá láti jẹ́ kí awakọ̀ pẹ́ lẹ́yìn odi. Ní Yúróòpù, ilé ẹjọ́ ìṣọ̀kan ilẹ̀ náà dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2017 pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ lo ìsinmi gígùn ọ̀sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ wákàtí 45, nínú ọkọ̀. Òfin ọdún 2020 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ó ti wù kí ibùsùn ọkọ̀ dára tó, kì í ṣe ilé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìrọ̀rùn awakọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Láti ọdún 1976 ni ọ̀nà láti ṣe iyàrá tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ ti wà. Òfin ni ó ń pinnu ẹni tí yóò san owó ààyè náà, yálà ẹrù tàbí awakọ̀. Èyí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n tò pọ̀ ní Enugu, Kano, Bauchi àti Ìbàdàn láyé ijọ́un, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ya àwòrán wọn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àlòkù tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Òfin àwọn ẹlòmíràn ni ó wà nínú irin wọn. Awakọ̀ tí ó tẹ́ ẹní sábẹ́ tírélà rẹ̀ ní Ògèrè ń sùn sábẹ́ ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Bonn tàbí ní Washington. Bí Nàìjíríà bá sì fẹ́ ṣe òfin ìwọ̀n ọkọ̀ tí yóò rò ti awakọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ju pé: ibo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n? Kí olórí sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fá a.